George Washington Carver

George Washington Carver (nǹkan bí ọdún 1864 – ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1943) jẹ́ onímọ̀ ewéko, olùkọ́ àti olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oko ẹrú ni a bí i sí ní ìpínlẹ̀ Missouri. Láti ọdún 1896 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò ní ilẹ̀ tiwọn ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rí oúnjẹ jẹ láìtọrùn bọ gbèsè.

Ẹ̀pà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ Carver. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé pélébé àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ jáde ní Tuskegee, ní ọdún 1898, kò mẹ́nu kan ẹ̀pà. Èso igi óákù tí ń já bọ́ sílẹ̀ nínú igbó ni ó dá lé lórí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó tẹ̀ jáde kẹ́yìn, ní ọdún 1942, dá lórí ewébẹ̀ tí ń hù fúnra rẹ̀ ní etí oko àti ẹ̀yìnkùlé. Ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì, Carver kò yé kọ́ àwọn ará abúlé ní ohun tí wọ́n lè rí nínú igbó. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ náà, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin abúlé ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ rí i.

Ìbí àti ìgbà èwe

Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a bí Carver, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí a gbà ni pé wọ́n ti bí i kí òfin tó fi òpin sí oko ẹrú ní Missouri ní oṣù Kìíní ọdún 1865. Mary ni orúkọ ìyá rẹ̀, ẹrú tọkọtaya kan tí wọ́n ń jẹ́ Moses àti Susan Carver ni, ní ẹ̀bá ìletò Diamond. Orúkọ ọ̀gá yìí ni ọmọ náà ń jẹ́ títí ó fi kú. Ẹrú lóko ẹlòmíràn ní àdúgbò náà ni wọ́n sọ pé bàbá rẹ̀ jẹ́, ìjàm̀bá iṣẹ́ sì ti pa á kí ọmọ náà tó gbọ́n.

Ní àkókò ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn agbénipa a máa ya wọ oko àwọn ènìyàn lóru ní agbègbè náà. Nígbà tí George ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, wọ́n gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Arkansas. Moses Carver rán ọkùnrin kan tẹ̀lé wọn. Ọmọ nìkan ni ọkùnrin náà rí gbà padà, ẹṣin kan ni Moses sì fi san oore fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fi ojú kan Mary mọ́.

Susan àti Moses ni wọ́n tọ́ George àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jim dàgbà. Ara ọmọ náà kò le. Ikọ́ líle kan bá a jà nígbà èwe, ohùn rẹ̀ sì wà ní tínrín títí ó fi darúgbó. Nítorí èyí, Jim ni ó ń bá Moses lọ sí oko, George sì ń bá Susan ṣe iṣẹ́ ilé. Ó kọ́ oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú, ó sì kọ́ ewé tí ó yẹ kí ó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ àti èyí tí ó yẹ fún agbo. Bí iṣẹ́ bá ti dín, inú igbó ni í gbà lọ. Ó a máa wú irúgbìn tí ó bá wù ú, ó sì dá ọgbà kékeré kan sí ìkọ̀kọ̀ níbi tí ó ti ń tọ́jú wọn. Nígbà tí ó ṣe, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdòdó tí kò ṣe dáadáa wá bá a, wọ́n ń pè é ní dókítà ewéko.

Ilé-ẹ̀kọ́ Diamond kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ní nǹkan bí ọdún 1877, George fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Neosho, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ti wà fún wọn. Andrew àti Mariah Watkins ni wọ́n gbà á sílé, ilé wọn sì fi ara ti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí wọ́n bá ti fún àwọn ọmọ ní ìsinmi, yóò sáré wálé wá bá Mariah fọ aṣọ oníbàárà, yóò sì tún sáré padà. Mariah Watkins jẹ́ alágbàfọ̀ àti agbẹ̀bí. Bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá náà ni ó rí níbẹ̀: ẹni tí ń gbẹ̀bí ní abúlé kò lè ṣe kí ó má mọ ewé. Obìnrin yìí fi egbòogi tí ó ń lò han ọmọ náà, ó sì kì í nílọ̀ pé ohun tí ó bá kọ́, kí ó má ṣe fi í pamọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn òpìtàn sábà máa ń yára kọjá lórí Mariah kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Iowa, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀kọ́ Carver ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrìnkiri àti ẹ̀kọ́ gíga

Láti Neosho ó kọjá sí ìpínlẹ̀ Kansas, ó ń fọ aṣọ, ó ń sè oúnjẹ fún owó iṣẹ́, ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti ìlú dé ìlú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1879, ní Fort Scott, ó rí i bí àwùjọ ènìyàn ṣe fi agbára wọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan jáde ní àtìmọ́lé, tí wọ́n so ó rọ̀, tí wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀. Ó fi ìlú náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1885, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Highland, Kansas, gbà á wọlé nípa lẹ́tà. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà wọn tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n dá a padà. Ó lọ gba ilẹ̀ ìjọba ní Ness County, ó fi ìpele koríko àti erùpẹ̀ kọ́ ilé, ó sì dá oko níbẹ̀ fún bí ọdún méjì.

Ní ọdún 1890 ni Simpson College ní ìpínlẹ̀ Iowa gbà á. Àwòrán yíyà ni ó lọ kọ́. Olùkọ́ rẹ̀, Etta Budd, ṣàkíyèsí pé òdòdó àti ewé ni ó ń yà jù, ó sì gbà á níyànjú kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ ewéko ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ní Ames, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Carver wọlé síbẹ̀ ní ọdún 1891. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, òun náà sì ni olùkọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1894 àti oyè kejì ní ọdún 1896. Lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Louis Pammel, ó di ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ olu àti èbu tí ń ba irúgbìn jẹ́. Ojú rẹ̀ mú débi pé ó rí irú àwọn tí ẹlòmíràn kò tíì ṣàkọsílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Taphrina carveri títí di òní.

Tuskegee

Ní ọdún 1896, Booker T. Washington tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ ní Alabama ránṣẹ́ sí Carver pé kí ó wá ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Kò bá ohun èlò ìwádìí kankan nílẹ̀, nítorí náà òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣa ìgò, ìkòkò àti irin jákujàku lórí ààtàn, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ilé ìwádìí. Ní ọdún 1897, ìjọba Alabama fi òfin dá oko ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi 1,500 dọ́là sílẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Owó náà kéré gan-an.

Ilẹ̀ tí ó bá níbẹ̀ ti gbó. Òwú ni wọ́n ti ń gbìn lórí rẹ̀ láti ìran dé ìran, òjò sì ti wọ́ erùpẹ̀ tí ó dára lọ. Àwọn tí ń ro ilẹ̀ náà pọ̀ jù nínú ọmọ àwọn ẹrú àtijọ́. Onílẹ̀ ni yóò fún wọn ní ilẹ̀, ìbaaka àti irúgbìn. Tí òwú bá gbó, yóò gba ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ara jọ ìṣákọ́lẹ̀ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbèsè tí ó so mọ́ ọn mú un sún mọ́ ìwọ̀fà. Ìdí ni pé kí òwú tó gbó, ṣọ́ọ̀bù ni àgbẹ̀ ti ń gba oúnjẹ àwìn, èlé orí rẹ̀ sì ga. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á ṣírò, àgbẹ̀ á sì rí i pé òun ṣì jẹ gbèsè. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kò fẹ́ kí ayálégbé gbin ohun mìíràn lẹ́yìn òwú, òwú a sì máa hù dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá, ìyẹ̀fun àgbàdo àti oje ìrèké dúdú ni oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀bù ń tà fún wọn. Ẹni tí ó bá ń jẹ mẹ́ta yìí nìkan láti oṣù dé oṣù lè kó àrùn pellagra. Àrùn náà a máa bó awọ ara, a máa ṣu ènìyàn nígbẹ́ gbuuru, a máa da orí rú, a sì máa pani. Láti ọdún 1914 ni dókítà Joseph Goldberger bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé oúnjẹ tí kò pé ni ó ń fà á, kì í ṣe àkóràn. Carver kò mọ ìdí àrùn yìí ṣáájú àwọn dókítà. Ohun tí ó rí ni pé ebi ń pa àwọn ènìyàn nígbà tí ohun jíjẹ ń rà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀bá ilé wọn.

Ohun inú igbó nínú iṣẹ́ rẹ̀

Ohun tí Carver kọ́kọ́ ń wá ni èyí tí tálákà lè rí láìfi owó rà á. Igi óákù pọ̀ nínú igbó Alabama, èso rẹ̀ a sì máa bo ilẹ̀ nígbà tí ewé bá ń wọ́wé. Ìwé pélébé àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ jáde, ní oṣù Kejì ọdún 1898, ṣàlàyé bí a ṣe lè kó èso yìí jọ fún ẹran ọ̀sìn, kí àgbẹ̀ má baà ra àgbàdo àwìn fún ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Lọ́nà kan náà, ó ń kọ́ wọn pé kí wọ́n kó ewé tí ó ti rà nínú igbó àti ilẹ̀ dúdú ẹsẹ̀ àbàtà wá sí oko dípò ajílẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ń tà.

Èso igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní plum, ó fi ojú jọ ìyeyè ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. Nígbà èso, ó máa ń pọ̀ débi pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jẹrà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Carver kọ ìwé pélébé lé e lórí, ní ọdún 1907 àti ní ọdún 1917. Nínú èkejì, ọ̀nà 43 ni ó kà sílẹ̀ tí a lè gbà tọ́jú èso náà tàbí sè é: bí a ṣe lè sá a gbẹ, bí a ṣe lè sè é pẹ̀lú ṣúgà kí ó pẹ́ nílẹ̀, bí a ṣe lè fi ṣe ọtí kíkan. Ìdí tí ó fi tẹnu mọ́ sísá oòrùn yé ẹni tí ó bá mọ èlùbọ́: ohun tí a bá sá gbẹ ni tálákà lè jẹ ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì nílò ìgò tàbí agolo.

Ewébẹ̀ ni ó gba ọkàn rẹ̀ jù. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ni ó máa ń wọ inú igbó lọ, yóò sì kó oríṣiríṣi ewé bọ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó mọ orúkọ sáyẹ́ǹsì wọn, ó sì mọ orúkọ tí ará abúlé ń pè wọ́n. Ọ̀kan tí ó fẹ́ràn ni Chenopodium album, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní lamb's quarters. Ewé rẹ̀ dà bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun wọ́n ọn, tí a bá sì bọ̀ ọ́, ó dùn bí ẹ̀fọ́ tí a gbìn. Àwọn mìíràn ni dandelion, ewúro ẹnu tí ó bá ti dàgbà, àti wild lettuce. Ẹbí ẹ̀fọ́ yánrin ni àwọn méjèèjì, débi pé orúkọ sáyẹ́ǹsì yánrin, Launaea taraxacifolia, túmọ̀ sí yánrin tí ewé rẹ̀ jọ ti dandelion. Irú tẹ̀tẹ̀ kan náà ń hù káàkiri inú oko òwú. Àgbẹ̀ òwú kórìíra rẹ̀, ó ń fi ọkọ́ wú u dànù, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ní àwìn ní ọjọ́ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ewé inú igbó ni a lè já sẹ́nu, ìmọ̀ abúlé sì ni ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Àpẹẹrẹ pàtàkì ni poke, Phytolacca americana. Ọ̀munú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún bọ̀ ọ́ nínú omi mìíràn, kí wọ́n tó fi ọ̀rá dín in. Gbòǹgbò rẹ̀, èso rẹ̀ àti ewé tí ó ti gbó ní májèlé. Gbòǹgbò yìí kan náà ni àwọn àgbà ń lò, ní ìwọ̀n kékeré, fún làkúrègbé àti àrùn awọ ara, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ ní ibi.

Ìmọ̀ yìí ní ju orísun kan lọ. Ilẹ̀ Tuskegee jẹ́ ti àwọn Muscogee kí ìjọba tó lé wọn kúrò ní àwọn ọdún 1830. Orúkọ ìlú wọn kan ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́. Wọ́n ti ń jẹ púpọ̀ nínú ewé wọ̀nyí kí àlejò tó dé. Àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà mú àṣà ẹ̀fọ́ sísè wá, pẹ̀lú ilá àti ẹ̀wà, àwọn ará Yúróòpù sì mú irúgbìn tiwọn wá, tí ó sá sínú igbó. Carver kò sọ pé òun ni òun ṣàwárí wọn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kó wọn jọ, ó dán wọn wò, ó fi orúkọ tí ó dájú sí wọn kí ènìyàn má baà ṣi èyí tí ó ní májèlé jẹ, ó sì dá wọn padà fún àwọn tí ó ti ń gbàgbé wọn tàbí tí ojú ń tì láti jẹ wọ́n. Ìtìjú yìí kì í ṣe ohun kékeré. Lójú ọ̀pọ̀, ẹni tí ó ń já koríko jẹ ni ẹni tí ó ti tálákà dé ìsàlẹ̀, oúnjẹ ṣọ́ọ̀bù sì ni ti ọmọlúàbí.

Ó tọ́ kí a fi kún un pé ewébẹ̀ igbó nìkan kò lè wo pellagra sàn. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, wàrà, ẹyin àti ẹran gidi ni wọ́n ní ohun tí ara aláàrùn náà ń wá jù, Carver sì ń wàásù ẹ̀wà àti ẹ̀pà pẹ̀lú ìtara kan náà. Àǹfààní ewé igbó ni pé kò sí onílẹ̀ tí ó kà á mọ́ ohun pínpín, kò sì sí ní ojú ewé ìwé gbèsè.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe dé abúlé

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀wé. Láti ọdún 1897 ni Carver ti ń pè wọ́n jọ sí Tuskegee lóṣooṣù láti wo oko ìwádìí, ní òpin ọ̀sẹ̀ ó sì ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ran lọ bá wọn ní abúlé. Ní ọdún 1906, ọlọ́rọ̀ kan ní New York, Morris K. Jesup, fi owó sílẹ̀ láti kan ọkọ̀ ńlá kan tí ìbaaka ń fà. Carver ni ó ṣètò ohun tí yóò wà nínú rẹ̀: ohun ìtúlẹ̀, irúgbìn, ohun èlò wàrà àti ìdáná. Thomas Campbell, tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Tuskegee, ni ó ń wà á kiri. Ìjọba àpapọ̀ gbà á síṣẹ́ ní ọdún yẹn, ó sì di òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba rán sí àwọn àgbẹ̀ láti kọ́ wọn lóko wọn.

Àwọn ìwé pélébé náà, tí ó jẹ́ 44 lápapọ̀, wà fún olùkọ́ abúlé, àgbẹ̀ àti ìyàwó ilé. Bí ó ti ń ṣàlàyé irúgbìn ni ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń sè é. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní ilé ìdáná Susan Carver hàn kedere nínú wọn.

Òkìkí ẹ̀pà

Ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀pà, tí ó ní ọ̀nà 105 láti sè é, jáde ní ọdún 1916. Ní oṣù Kìíní ọdún 1921, àwọn olówò ẹ̀pà rán an lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Washington. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Aṣòfin kan fi ọ̀rọ̀ bàrà pa á lẹ́rìn-ín, irú yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi aláwọ̀ dúdú ṣe nígbà náà. Carver kò dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú, ó ń kó ohun tí ó fi ẹ̀pà ṣe jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ náà sì fi àkókò kún àkókò fún un. Láti ìgbà náà ni ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di ẹni àràmàǹdà. Ní ọdún 1923 ó gba àmì ẹ̀yẹ Spingarn ti ẹgbẹ́ NAACP.

Àsọdùn pọ̀ nínú òkìkí yìí. Carver kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀rá ẹ̀pà tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohun tí wọ́n ní ó fi ẹ̀pà ṣe, púpọ̀ jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ sísè tí ó ti wà nílẹ̀, díẹ̀ ni ó sì dé ọjà. Ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá mẹ́ta péré ni ó gbà láti ọwọ́ ìjọba, kò sì sí oúnjẹ nínú wọn. Oògùn ikọ́ kan tí ó po pọ̀ mọ́ ẹ̀pà, Penol, kò rí ọjà. Ní àwọn ọdún 1930, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé òróró ẹ̀pà rẹ̀ ń wo àrùn rọpárọsẹ̀ àwọn ọmọdé, ọ̀pọ̀ òbí sì rọ́ wá sí Tuskegee. Ìfọwọ́rapa tí ó ń ṣe fún wọn ni ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, kì í ṣe òróró náà.

Àwọn kan bá a wí pé ó dákẹ́ jù lórí ìwà ìrẹ́nijẹ tí wọ́n ń hù sí aláwọ̀ dúdú. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé lórí plum inú igbó gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ onígbèsè yóò rí i pé ọ̀nà àtijàde kúrò lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí.

Ọdún 1942 àti ikú rẹ̀

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kejì tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, Carver padà sórí ewé igbó. Ìwé pélébé rẹ̀ Nature's Garden for Victory and Peace jáde ní ọdún 1942. Ó to ewébẹ̀ igbó lẹ́sẹẹsẹ, ó sọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ bí a ṣe ń sè é. Ní ọdún kan náà, Henry Ford tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbà á lálejò ní Dearborn, ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí ó ti ṣí ilé ìwádìí oúnjẹ kan. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n fi ewé igbó sáàárín búrẹ́dì jẹ, àwọn oníròyìn sì ya àwòrán wọn. Oúnjẹ tí ojú ń ti tálákà Alabama láti jẹ ti di ohun tí ọlọ́rọ̀ ń jẹ níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán.

Carver kú ní Tuskegee ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1943, lẹ́yìn tí ó ṣubú. Kò gbéyàwó. Owó tí ó tù jọ ni ó fi dá àjọ ìwádìí kan sílẹ̀ ní Tuskegee ní ọdún 1940. Ẹ̀gbẹ́ sàréè Booker T. Washington ni wọ́n sin ín sí. Ní ọdún 1947, iná jó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwòrán òdòdó àti ewé tí ó yà sì ṣègbé.

Ní oṣù Keje ọdún 1943, ìjọba àpapọ̀ sọ oko tí a bí i sí ní Diamond di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Wọ́n dá koríko ìbílẹ̀ padà sórí apá kan ilẹ̀ náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sì gba inú igbó kọjá lẹ́bàá odò kékeré níbi tí ó ti máa ń wú irúgbìn nígbà èwe rẹ̀.